Ẹ̀fọn Ń Gun Òkè: Ohun Tó Ń Pa Àwọn Ẹyẹ Hawaii

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ta ni ibà ò ṣe rí nínú gbọ̀ngàn yìí? Kó nawọ́ sókè. Ẹ ò rí i, kò sí ọwọ́ kan tó gbéra. Àwa àti ibà ti bá ara wa pẹ́. Àwọn ẹyẹ Hawaii, àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà tó wà láàárín òkun Pàsífíìkì, ní tiwọn ò mọ̀ ọ́n rí, nítorí kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀ rárá títí di 1826, tí ọkọ̀ òkun gbé tanwíjí dé nínú omi inú àgbá.

Ibà ẹyẹ kì í mú ènìyàn o. Àwọn ẹyẹ àjèjì tí wọ́n kó wọ̀lú ló gbé e dé, ẹ̀fọn sì ń pín in kiri. Ẹyẹ pupa kan wà tó ń jẹ́ iiwi, tí àwọn ìjòyè Hawaii ń fi ìyẹ́ rẹ̀ dá agbádá oyè, bí ìkóódẹ ṣe jẹ́ ohun iyì lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ̀fọn tó ní ibà bá jẹ iiwi mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré, bíi mẹ́sàn-án ló máa kú.

Àwọn tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kú lọ bẹẹrẹ. Òtútù ló gba àwọn ti orí òkè sílẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá tutù débi pé kò tó 13°C, kòkòrò ibà kì í lè dàgbà nínú ẹ̀fọn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́. Igi kan wà nínú igbó yẹn tí inú rẹ̀ rọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ á wó o lulẹ̀, á jẹ inú rẹ̀, á fi í sílẹ̀ bí ọpọ́n. Òjò rọ̀ sí i, tanwíjí dé. Ẹni tó bá ní táyà àlòkù lẹ́yìnkùlé mọ ohun tí mò ń wí.

Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i yìí, kì í ṣe òun gan-an ló ń pa ẹyẹ. Àkàsọ̀ ló gbé fún ẹ̀fọn. Ní Kauai, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Hawaii, òkè tó ga jù kò ju nǹkan bí mítà 1,600 lọ, ẹ̀fọn sì ti ń gùn ún bọ̀. Níbo ni ẹyẹ fẹ́ sá sí? Òkè ti tán, ojú ọ̀run ló kù. Nígbà tó fi máa di 2023, ẹyẹ kan tó ń jẹ́ akikiki, èyí tó ṣẹ́ kù nínú igbó Kauai ò ju márùn-ún lọ. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà yọ ẹyẹ igbó Hawaii mẹ́jọ kúrò lára àwọn tí òfin ń dáàbò bò, torí pé wọ́n ti run.

Ní báyìí, hẹlikópítà ń da akọ ẹ̀fọn sínú igbó. Akọ kì í jẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti fi bakitéríà kan sí àwọn wọ̀nyí lára: abo tó bá bá wọn gùn, ẹyin rẹ̀ ò ní pa.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, màmá kan dìde bi mí pé ṣé wọn ò lè kúkú pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn jẹ ni. Wọ́n ń pa á, Màmá. Wọ́n tún ń fi wáyà ṣọgbà yí igbó ká. Àmọ́ ẹ̀fọn ò mọ ọgbà.