Oríta Ni Iṣẹ́ Wà: Bí Ìlú Kékeré Ṣe Lè La Ọ̀nà fún Ẹlẹ́sẹ̀ àti Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ nípa ètò ìlú, ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ìlú tí kò tóbi ṣe lè ṣètò ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere yóò máa gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, òun ni mo sì máa tẹnu mọ́ títí a ó fi dìde: oríta ni iṣẹ́ wà. Ẹ lè la ọ̀nà tó rẹwà fún kìlómítà 10, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà, kí ẹ gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá dé oríta tí ìyá rẹ̀ kò lè jẹ́ kó dá sọdá, ọ̀kadà ni ìyá náà yóò máa fi gbé e lọ sílé ìwé. Gbogbo owó tí ẹ ná sórí kìlómítà 10 yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Ìlú tí mò ń pè ní kékeré ni èyí tí èèyàn lè kúrò ní ìkángun kan dé ìkángun kejì láìrìn ju kìlómítà 5 tàbí 6 lọ. Ẹni tó ń rìn láìkánjú máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, tí kò sì sáré, á rin bíi 15. Nítorí náà, bí ọjà, ilé ìwé tàbí ọsibítù bá tiẹ̀ wà ní òpin ìlú, ìrìn ogún ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ lé ni lórí kẹ̀kẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ibi tí a ń lọ kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni àwọn tó tẹ ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá dó fi wọn ìlú. Ààfin wà láàárín, ọjà ọba wà lẹ́nu ààfin, ọ̀nà sì pín láti ibẹ̀ lọ sí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn ọ̀nà ńlá yìí ni agboolé wà, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ ìlú ṣì ń gba àwọn ọ̀nà tóóró yìí títí di òní, nítorí òun ló yá jù. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí òpópónà ńlá, tí wọ́n fẹ̀ ẹ́, tí ọkọ̀ wá ń sáré lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀nà tóóró ti já sí títì. Ibẹ̀ náà ni oríta tí mò ń sọ. Kò pọn dandan kí iná tàbí ọlọ́pàá wà níbẹ̀ kó tó jẹ́ oríta.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Davis, ní ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà. Kò jìnnà sí Sacramento, iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 70,000. Yunifásítì ló sọ ìlú náà di ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Emil Mrak tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ní kí àwọn tó ń yàwòrán bí ọgbà yóò ṣe fẹ̀ sí i fi kẹ̀kẹ́ sọ́kàn, wọ́n sì ti àárín ọgbà mọ́ ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kún orí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jáde sínú ìlú, àárín ọkọ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí. Frank Child, tó ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì náà, ti kó ìdílé rẹ̀ lọ gbé fúngbà díẹ̀ ní The Hague, nílẹ̀ Netherlands. Nígbà tí wọ́n padà dé, òun àti Eve ìyàwó rẹ̀ kò gbà pé bó ṣe wà náà ló yẹ kó wà. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n kó èèyàn jọ. Ní ọdún 1966 ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ dé inú ìbò káńsù, àwọn tó fara mọ́ ọn sì wọlé. Nígbà tó fi di 1967, wọ́n ti fa ilà ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sójú títì, nígbà tí kò tíì sí irú rẹ̀ ní ìlú mìíràn l'Amẹ́ríkà.

Ibi tí ìtàn náà ti wúlò fún wa kọ́ nìyẹn. Ibi tó ti wúlò ni pé wọn kò mọ irú ọ̀nà tó dára jù, wọ́n sì dán oríṣiríṣi wò. Ní àwọn títì kan, wọ́n fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sáàárín ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ní àwọn títì mìíràn, wọ́n fi í sẹ́yìn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Lójú èmi àti ẹ̀yin, èkejì yìí ló yẹ kó dáa jù, torí pé ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ di odi fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ó dáa lóòótọ́ níbi tí ọ̀nà ti lọ tààrà. Ṣùgbọ́n tó bá di oríta, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé, awakọ̀ tó fẹ́ yà kò rí ẹni tó wà lẹ́yìn odi náà, àfi kó yọ sí i lójijì. Wọ́n pa irú yẹn tì. Nígbà tó wá di àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé iná tó jẹ́ ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nìkan sí oríta kan lẹ́nu yunifásítì tí kẹ̀kẹ́ ti ń ya wọ inú ọgbà bí omi. Ní ilẹ̀ Netherlands, irú ọ̀nà tí Davis pa tì yẹn pọ̀ káàkiri, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe oríta rẹ̀.

Bí a bá ti dárúkọ Netherlands, ẹ jẹ́ ká yà sí Houten, ìlú kékeré kan nítòsí Utrecht. Abúlé ni títí di àwọn ọdún 1960, kí ìjọba tó ní kó di ìlú. Rob Derks ló ya àwòrán rẹ̀. Ó fi títì kan yí ìlú ká, ó sì pín inú ìlú sí àdúgbò àdúgbò. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kúrò ní àdúgbò kan lọ sí èkejì gbọ́dọ̀ jáde sí títì tó yí ìlú ká, kó tó tún padà wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní tiwọn ń gba àárín ìlú kọjá tààrà, láàárín igi àti koríko, dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọ̀pọ̀ ilé ìwé sì wà lójú ọ̀nà yẹn gan-an. Níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá ti pàdé títì ńlá, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀. Wọ́n kàn mú kí ọ̀nà ẹsẹ̀ kúrú, kí ti ọkọ̀ gùn díẹ̀. Ìlú náà ti ní bíi 50,000 èèyàn báyìí.

Mo mọ̀ pé a kò lè wó ìlú wa ká tún un tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àkúngbá Àkókó. Títì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń gbà kọjá láàárín ìlú, gẹ́ẹ̀tì yunifásítì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ilẹ̀ sì tún dagẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín èèyàn níbẹ̀. Àwọn èèyàn kú, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Mi ò lè sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yìí kí n má dárúkọ ibẹ̀. Ìkìlọ̀ tí a kọ sí pátákó kò lè dá ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti já dúró. Ohun tó lè gba ẹ̀mí là ni pé kí akẹ́rù tí kò ní nǹkan kan ṣe nínú ìlú má gba inú ìlú rárá.

Pontevedra ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Sípéènì tilẹ̀ dà bí ìlú wa ju Houten lọ, torí ìlú àtijọ́ tí títì rẹ̀ há ni. Ní 1999 ni Miguel Anxo Fernández Lores, tó jẹ́ dókítà ìṣègùn, di olórí ìlú, kò sì pẹ́ tó fi kó ọkọ̀ kúrò láàárín ìlú. Wọ́n mú ojú ọ̀nà tẹ́jú láti ara ògiri kan dé èkejì, wọ́n sì fi eré ọkọ̀ sí kìlómítà 30 ní wákàtí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni máápù kan tí wọ́n ń pè ní Metrominuto. Ó dà bí máápù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ yóò rìn láti ibì kan sí ibòmíì ló wà lórí rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí lè ṣe irú rẹ̀ lóṣù yìí, owó bébà àti ìtẹ̀wé ni.

Ó wá ku bí a ṣe ń tún oríta ṣe. Ẹ wo títì kan tó fẹ̀ ní mítà 12. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń gbà pé ẹlẹ́sẹ̀ ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà wọ́n á ní kí iná fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ru igbá ata lè má rìn ju mítà 0.8 lọ. Nígbà tí iná bá yí padà, mítà 8 ló tíì rìn, mítà 4 ṣì kù níwájú rẹ̀, ọ̀kadà sì ti ṣí. Kì í ṣe pé ó lọ́ra, títì ló fẹ̀ jù. Ẹ kọ́ kọ̀ǹkéré tó fẹ̀ ní mítà 2 sí àárín títì náà, kó ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ìyá lè dúró lórí rẹ̀. Mítà 5 péré ló kù lápá kọ̀ọ̀kan, kò sì ní í wò ju ọwọ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo kọ̀rọ̀ oríta náà. Níbi tí kọ̀rọ̀ bá ti tẹ̀ rọgbọdọ, awakọ̀ kì í tẹ bíréèkì kó tó yà. Ẹ mú kí kọ̀rọ̀ náà há, yóò rọra yà. Ẹ gbé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá ga dé ìpele ẹ̀gbẹ́ títì, kó jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń gun òkè, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ sínú omi òjò. Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 50 ní wákàtí nílò bíi mítà 28 kó tó lè dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti rí ewu. Ní kìlómítà 30, bíi mítà 13 ni. Àlàfo yẹn ni ẹ̀mí ọmọ wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sáàárín ìlú kékeré. Ta ni yóò ru ẹrù gun àtẹ̀gùn lọ sókè, kó tún sọ̀kalẹ̀, nígbà tí ibi tó ń lọ wà lójú rẹ̀ ní mítà 12? Àwọn èèyàn á máa gba abẹ́ afárá, àwa náà á wá máa bú wọn.

Kí ẹ tó da sìmẹ́ǹtì kankan, ẹ jókòó sí oríta kí ẹ sì ka èèyàn. Ẹ kà á láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, kí ẹ sì tún kà á ní ọjọ́ ọjà. Ibi tí ọjà bá jẹ́ ọrọọrún, ẹni tó kà á fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré lè fi bó ṣe bọ́ sí i pàdánù ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ẹ ya àwọn tó ru ẹrù sọ́tọ̀, ẹ ya àwọn tó pọn ọmọ sọ́tọ̀, ẹ sì wo ibi tí wọ́n ń gbà sọdá gan-an, kì í ṣe ibi tí ẹ rò pé ó yẹ kí wọ́n gbà.

Nínú ọ̀pọ̀ ìlú wa, orí gọ́tà ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n fi pátákó kọ̀ǹkéré bò ó, ọ̀kan fọ́, wọ́n jí èkejì, òpó iná dúró lórí ẹ̀kẹta, jẹnẹrétọ̀ wà lórí ẹ̀kẹrin. Ẹni tó ń rìn á wá bọ́ sójú títì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan tí yóò hàn kíákíá, ẹ dí ihò yẹn. Mi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń lé ọlọ́jà. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọjá ni ọjà ti ń tà, wọ́n á tún padà wá. Bí ẹ̀gbẹ́ títì bá fẹ̀ ní mítà 4, ẹ fún ọlọ́jà ní mítà 1.5, ẹ fa ilà, kí ìyókù jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Mítà 2 tó kí ẹni méjì pàdé kí wọ́n sì kọjá, bí ọ̀kan nínú wọn bá tiẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, bàbá kan dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere? Ọ̀kadà ló máa gba ọ̀nà tí ẹ ń sọ yìí." Mo dáhùn pé òótọ́ ni bàbá sọ. Bí ẹ bá tiẹ̀ ri òpó mọ́lẹ̀ láti dí ọkọ̀, òpó tí kẹ̀kẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kadà náà á gbà á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gígùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí eré ọkọ̀ ní oríta. Níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń rọra lọ, kẹ̀kẹ́ lè bá wọn rìn láìsí ilà kankan, bó ṣe rí ní Pontevedra.

Ọmọbìnrin kan láti ìjọba ìbílẹ̀ wá béèrè pé níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ bí owó ò bá sí. Mo ní kí wọ́n mú oríta kan ṣoṣo, èyí tó sún mọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jù. Kí wọ́n to táyà àtijọ́ tí wọ́n kùn ní funfun sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ láti fi há a, kí wọ́n to mìíràn sáàárín títì níbi tí ìyá àgbà yóò ti dúró, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn awakọ̀ ṣáájú. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Ibi tí táyà bá ti ń dí ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́, kí wọ́n sún un. Ibi tí ọmọ ṣì ti ń sáré sọdá, kí wọ́n fi kún un. Ìgbà tí kò bá tún sí táyà tó yẹ kí wọ́n sún kúrò níbi tó wà ni kí wọ́n tó pe bíríkìlà.