Ẹ Yẹ Háàdì Dísìkì Wò Kẹ́ ẹ Tó Dá Láptọ́ọ̀pù Lẹ́bi

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú ìjókòó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Windows 11 ń bèèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ, bó bá sì jẹ́ processor Intel ni, ìran kẹjọ sókè ló ń fẹ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ìran kejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G kò dé ibẹ̀, ká má tíì sọ ti Core 2 Duo. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń bèèrè Linux, ètò tí a lè fi rọ́pò Windows, tí a ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní gbowó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gbé Linux lé ẹ̀rọ náà, á ṣì máa wọ́ bí ìgbín. Wọ́n á ní irú Linux tí wọ́n gbé lé e ni ò dáa, wọ́n á tún gbé òmíràn lé e lọ́la. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ibi méjì ni láptọ́ọ̀pù àgbà ti sábà máa ń falẹ̀: háàdì dísìkì àti búráúsà. Ẹ jẹ́ ká mú dísìkì ṣáájú.

Inú háàdì dísìkì àtijọ́, àwo kan ń yí, abẹ́rẹ́ kan sì ń rìn lórí rẹ̀ láti wá ohun tí ẹ fẹ́. Ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gbà tó nǹkan bíi milliseconds 12 nínú ti láptọ́ọ̀pù. SSD, ìyẹn dísìkì ìgbàlódé, kò ní abẹ́rẹ́, kò ní àwo, ìdá kan nínú mẹ́wàá millisecond tó fún un. Bẹ́ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó tàn pátápátá, fáìlì kéékèèké tó ń pè ò lóǹkà. Ìyẹn ló fà á tí SSD fi ń yí ẹ̀rọ ọdún 2009 padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SATA II, ojú ìsopọ̀ dísìkì inú rẹ̀, kò lè gbé ju 300 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ yẹ ti àtijọ́ wò. Ẹ tan ẹ̀rọ láti orí flash tí Linux wà nínú rẹ̀, ẹ ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ `sudo apt install smartmontools`, lẹ́yìn náà `sudo smartctl -a /dev/sda`. Ẹ wá ìlà méjì: Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Òdo ló yẹ kó wà níwájú wọn ní ìparí ìlà. Bí ìkejì bá ti kúrò ní òdo, dísìkì yẹn ò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ kó iṣẹ́ yín kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

SSD SATA oní-2.5 inch, 120 GB tàbí 240 GB, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta NVMe, irú SSD mìíràn, fún yín, kò síbi tó máa wọ̀ nínú ẹ̀rọ àgbà. Nínípọn SSD SATA yìí jẹ́ 7 mm, àyè dísìkì àtijọ́ sì sábà máa ń jẹ́ 9.5 mm, nítorí náà ó lè máa mì. Férémù rọ́bà pẹlẹbẹ tó máa ń bá SSD mìíràn wá ló ń dí àlàfo yẹn.

RAM ló kàn, 4 GB sì ni ìwọ̀n tó kéré jù fún ẹni tó fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì. `sudo dmidecode -t memory` máa sọ irú èyí tó wà níbẹ̀ àti iye ojú ihò tó kù. Gígé etí RAM oní-DDR2 àti ti oní-DDR3 ò sí lójú kan náà. Bí kò bá wọlé, ẹ má fagbára tì í. Ìran kẹrin Intel ti láptọ́ọ̀pù ń fẹ́ DDR3L, oní-1.35 V. Bí ẹ bá ki oní-1.5 V bọ̀ ọ́, ó lè má tàn rárá, ẹ ó sì rò pé ẹ ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Ẹ̀rọ tó ní chipset Intel 945GM ní tirẹ̀, bí ẹ fi 4 GB sí i, nǹkan bíi 3 GB náà ló máa rí. Ẹ ṣọ́ owó yín.

Bówó RAM ò bá sí, zram wà. Ó ń fún ohun tó wà nínú RAM pọ̀, bí ẹni ń ká aṣọ kí púpọ̀ sí i lè gba inú àpótí. Ẹ fi `zram-tools` sí i, ẹ ṣí `/etc/default/zramswap`, ẹ kọ `ALGO=zstd` àti `PERCENT=50` síbẹ̀, kí ẹ wá tẹ `sudo systemctl restart zramswap`. `swapon --show` máa fi hàn bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ti Linux tí ẹ máa lò, Debian 13, ọ̀kan lára irú Linux, pẹ̀lú Xfce, ojú iṣẹ́ tí kò wúwo, tó. Linux Mint Xfce náà ò burú, ó tún rọrùn fún ẹni tó ti Windows bọ̀. Ẹ tẹ `lscpu` ná: bí ẹ ò bá rí 64-bit níbẹ̀, Debian 13, tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, kò ní ohun tí ẹ máa fi gbé e lé ẹ̀rọ náà mọ́. Atom N270 inú àwọn láptọ́ọ̀pù kóńkóló ìjelòó wà nínú irú wọn. antiX 23, irú Linux mìíràn, gbà wọ́n, ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 ni Chrome ti pa Linux 32-bit tì. Ẹ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀wé, kí ẹ má náwó SSD lé e lórí.

Flash 8 GB tó láti gbé Linux sí. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já nígbà tí ẹ ń gba fáìlì Linux wálẹ̀, ó lè pé lójú kó má pé nínú. Lórí Windows, `certutil -hashfile` orúkọ fáìlì `SHA256` máa fún yín ní nọ́ńbà gígùn kan. Kó bá èyí tó wà lójú ìwé Debian mu délẹ̀délẹ̀. Dell àti ThinkPad, F12 lẹ máa tẹ̀ bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ kí ẹ lè mú flash, HP, F9. Gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì ló máa lọ bí ẹ bá ní kó lo dísìkì tán.

Bí bátìrì bá ti kú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí iná ìjọba lásán. Bí iná bá lọ nígbà tí `apt` ń fi nǹkan sórí ẹ̀rọ, tí kò wá gba nǹkan mọ́, `sudo dpkg --configure -a` ló ń tú u.

Wi-Fi Broadcom ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ẹ tẹ `lspci -nn`. Bí ẹ bá rí 14e4:4315, ẹ fi contrib kún ibi tí apt ti ń kó nǹkan, kí ẹ wá fi `firmware-b43-lpphy-installer` sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ìyẹn fúnra rẹ̀ sì nílò! Ẹ fi okùn USB so fóònù yín mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering. Bí búráúsà bá ní gbogbo ojú ìwé ò ṣeé fọkàn tán, ẹ wo déètì: ó lè jẹ́ pé bátìrì CR2032 inú bọ́ọ̀dù ló ti kú, tí aago fi padà sẹ́yìn.

Búráúsà wá ń kọ́? Debian pẹ̀lú Xfce fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ tó 1 GB RAM, ojú ìwé mẹ́wàá tí ẹ ṣí sílẹ̀ ló ń jẹ ìyókù. Ẹ fi uBlock Origin sí Firefox, ìpolówó tí kò wọlé kò jẹ RAM, kò sì jẹ dátà. Fún YouTube, ẹ fi h264ify kún un, torí graphics àtijọ́ ò mọ fídíò oní-VP9 àti oní-AV1 túmọ̀. Processor ló ń bá a ṣe é, ooru á mú un, fáànù á máa ké.

Ẹni tó ń fi AutoCAD ṣe iṣẹ́, kó má tíì pa Windows rẹ́, kò ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ẹni tó ń kọ project ní Word, LibreOffice máa ṣí i, ṣùgbọ́n ojú ewé lè yí, torí Calibri ò sí níbẹ̀. `fonts-crosextra-carlito` ní ìwọ̀n fífẹ̀ lẹ́tà kan náà pẹ̀lú Calibri, ìlà ò sì ní sún. Fún àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ, ẹ tẹ `setxkbmap ng -variant yoruba`, kí ẹ sì dán an wò kẹ́ ẹ tó dìde níbẹ̀.