Bí a ṣe ń fi wáyà di ìwé: ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó lu ihò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí tábìlì iṣẹ́ mi ní Agbowó la wà yìí, òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò níwájú mi, ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ni, ewé 60, bébà A4. Ẹni tó máa lò ó á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ni mo fi ní kó jẹ́ wáyà la máa fi dì í, wáyà eléyín tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí a ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ dé. Ìwé oníwáyà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ tiẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ po sẹ́yìn pátápátá, kò ní pa dé fúnra rẹ̀.

Àmọ́ wáyà kì í gba àtúnṣe. Rọ́bà eléyín, tí wọ́n tún fi ń di ìwé, lẹ lè ṣí kẹ́ ẹ ki ewé kan bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá pa ẹnu wáyà dé tán, àfi kẹ́ ẹ gé e sọnù. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ojú ewé láti 1 títí dé ìparí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ó yá, ká wọ̀n ọ́n. Ẹ gbá ìwé náà jọ, ẹ gbún etí rẹ̀ mọ́ tábìlì kó dọ́gba, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi rúlà wo bó ṣe nípọn tó. Bébà 80 gíráàmù tí gbogbo wa ń lò, ewé 100 rẹ̀ á tó nǹkan bíi mìlímítà 10. Ewé 60 tiwa yìí jẹ́ 6, kọ́fà méjèèjì sọ ọ́ di bíi 7. Ẹ fi mìlímítà 2 tàbí 3 lé e. Wáyà mìlímítà 9.5 ló bá a mu, òun náà ni wọ́n ń pè ní 3/8 íǹṣì lọ́jà. Tí wáyà bá há jù, ewé ò ní ṣí dáadáa, ihò á sì máa ya. Tó bá tóbi jù, ìwé á máa mì jọ̀wọ̀lọ̀ nínú rẹ̀, ẹrù díẹ̀ báyìí ló máa tẹ wáyà náà pa.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ wíwọ̀n ni pé irú ihò méjì ló wà. Ọ̀kan ń lu ihò 3 nínú íǹṣì kan, ìwé tí wáyà rẹ̀ kò ju 14.3 mìlímítà lọ ló wà fún. Ìkejì ń lu 2 nínú íǹṣì kan, ti ìwé tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. A4 máa gba ihò 34 nínú ti àkọ́kọ́, 23 nínú ti ìkejì. Wáyà ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì láéláé. Tẹ́ ẹ bá lu ihò tán kẹ́ ẹ tó rí i pé ìwé ti nípọn jù, bébà ti ṣòfò nìyẹn, títẹ̀ ló tún kàn.

Mo tún ń bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà: ẹ fi mìlímítà 20 sílẹ̀ lápá òsì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá fẹ́ lu ihò tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ fi bébà tí kò wúlò dán ẹ̀rọ wò ná. Ẹ sún ìdádúró ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ibi tí etí bébà ti ń dúró, títí ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ á fi jìnnà sí etí bákan náà. Tó bá jẹ́ A5, ìyẹn ìdajì A4, ihò 24 lẹ nílò nínú irú ihò àkọ́kọ́. Ẹ fa píìnì, ìyẹn irin tó ń lu ihò, tó bá máa já etí bébà yọ. Ẹ̀rọ ọwọ́ bíi tèmi, ewé 10 lẹ́ẹ̀kan tó o. Kọ́fà náílọ̀n, ẹyọ kan tàbí méjì. Lásìkò òjò, bébà máa ń fa omi, á máa lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fẹ́ ẹ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó ki í bọ ẹ̀rọ. Kẹ́ ẹ sì máa da ègé bébà inú àwo ìsàlẹ̀ nù, torí tó bá kún, ẹ̀rọ á há.

Ẹ sún mọ́bí wàyí, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é kù. Ẹ mú kọ́fà ẹ̀yìn kúrò lẹ́yìn, ẹ gbé e lé orí kọ́fà iwájú, kí ojú tó yẹ kó wà níta dojú kọ kọ́fà iwájú náà. Ẹ ti eyín wáyà bọ gbogbo ihò, ẹ gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ yí kókó tí wọ́n fi ń yan ìwọ̀n wáyà lára ẹ̀rọ sí 9.5. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ wò ó, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: bí àlàfo bá ṣì wà tí ewé lè gbà yọ, kò tíì tó. Bí wáyà bá ti di ẹyin dípò kó rí roboto, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù, ewé á máa kọ́ ọ níbẹ̀.

Ẹ wá yí kọ́fà ẹ̀yìn padà sí àyè rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ojú ibi tí wáyà ti pàdé ti sá sáàárín kọ́fà àti ewé ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni ò rí i níta.

Tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ má to wáyà lé wáyà nínú páálí. Kí ẹ̀yìn ìwé kan wà lọ́tùn-ún, kí ti èyí tó tẹ̀ lé e wà lósì, bẹ́ẹ̀ títí páálí á fi kún.