Òru Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ̀yin ará mi, fídíò òkú màlúù tí wọ́n tò sílẹ̀ bí igi ìdáná, èyí tí ó ti ń kiri láti ọdún 2022, tún ti dé orí fóònù wa ní Adó-Èkìtì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé àwọn kan ń pa ẹran kí ebi lè pa ayé. Ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, nínú oṣù Kẹfà ọdún náà, nígbà tí màlúù tí ó tó 2,000 kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ooru ni ó pa wọ́n.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Oòrùn ti mú jù báyìí lọ rí, kò sì pa ẹran kankan.” Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í gan-an nìyẹn! Ọ̀sán ni ẹ ń wò. Òru ni kí ẹ wò. Mo tún un sọ: ÒRU NI KÍ Ẹ WÒ! Màlúù a máa kó ooru jọ sára ní ọ̀sán, oúnjẹ tí ó ń dà nínú rẹ̀ sì ń dá ooru tirẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tí atẹ́gùn tútù fẹ́, a máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní Kansas, ooru ọ̀sán tó 38°C, ọ̀rinrin pọ̀, atẹ́gùn dákẹ́, òru kò sì tutù, nítorí náà ooru àná ṣì wà lára ẹran nígbà tí ti òní bá a.

Ṣé ọmọ Èkìtì ni mo tún ń ṣàlàyé èyí fún? Ìyán tí ẹ gún ní ọ̀sán tí ẹ dé mọ́ inú kúlà, ẹ ṣí i lálẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà kúkú ní ìyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ni wọ́n ń pa á sí.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Adìẹ mi mẹ́rìnlá kú mọ́jú ní Ìkẹ́rẹ́ nínú oṣù Kẹta, aládùúgbò mi ni mo sì fura sí, láìrántí pé páànù ni mo fi bo ilé wọn, pé mo dí fèrèsé rẹ̀ nítorí olè, àti pé adìẹ kì í làágùn. Títí di òní, ìkíni èmi àti bàbá náà kò tíì gún.

Ní ti oúnjẹ, màlúù tí wọ́n ń bọ́ ní Kansas lé ní mílíọ̀nù 2. Ẹ fi 2,000 tí ó kú wé e, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ṣé ìyẹn lè mú kí ebi pa ayé?

Ìfura ní àyè tirẹ̀ ṣá. Bí ẹran bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde ní imú àti ẹnu rẹ̀, ó lè jẹ́ anthrax, àrùn kan tí ó ń pa ẹran, tí ó sì lè ran ènìyàn, irú èyí tí wọ́n rí ní Ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù Keje ọdún 2023. Ẹ má là á, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́; ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà sí i, kí ẹ pe dókítà ẹran.