Ẹ Má Dúró De Igbe: Oògùn Ìrora fún Obìnrin Tó Fi Iṣẹ́ Abẹ Bímọ

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọn ọmọ wá, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, àwọn tó ti gbọ́ mi rí sì mọ̀ ọ́n: aago ló yẹ kó máa pín oògùn ìrora fún obìnrin tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ, kì í ṣe igbe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti yàrá iṣẹ́ abẹ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni à ń fún púpọ̀ nínú wọn báyìí, ojú wọn a sì là sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi ké. Bupivacaine inú rẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ìsàlẹ̀ ara kú tipiri, kò ju nǹkan bíi mílílítà 2 lọ. Ṣúgà tí wọ́n pò mọ́ ọn ló jẹ́ kí ó wúwo ju omi inú ògóóró ẹ̀yìn lọ, kí ó lè rì síbi tí a bá fẹ́. Kí ọ̀bẹ tó kan awọ, èmi a rẹ òwú sínú spirit, n ó máa fi kàn án láti itan lọ sókè, n ó máa bi í pé, “Màdáàmù, ṣé ó tutù?” Títí dé ọ̀gangan orí ọmú ni mo fẹ́ kí ó máa dáhùn pé kò tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìdodo ni a ó ti là á, nítorí pé bí wọ́n bá ń fa nǹkan nínú ikùn, òkè lọ́hùn-ún ni ìrora rẹ̀ ń gbà wọlé. Ó lè mọ̀ pé ọwọ́ ń rìn nínú òun bí ẹni ń wá owó nínú àpò. Ìyẹn kì í ṣe ìrora. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ó ń dun òun, kí oníṣẹ́ abẹ dúró ná. Àwọn ọ̀gá kan a ní, “Ẹ̀rù ló ń bà á.” Ọ̀bẹ kò sí lára tiwọn.

Láàárín wákàtí 2 sí 4, oògùn yẹn ti ń kúrò lára. Ìgbà náà gan-an ni ẹbí ń wọlé pẹ̀lú “ẹ kú ewu ọmọ”, tí àwa náà sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n fún un ní oògùn bí ó bá béèrè. Ta ni yóò béèrè? Obìnrin tí ìjọ rẹ̀ ti gbàdúrà pé kí ó bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù, tí àwọn kan sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé kò kúnlẹ̀ rárá, kò ní béèrè. Yóò fi ìrọ̀rí ti ojú ọgbẹ́ bí ó bá fẹ́ wúkọ́, kò ní lè mí kanlẹ̀, kò sì ní fẹ́ dìde rìn, bẹ́ẹ̀ àìrìn wà lára ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sí ìyá ọlọ́mọ tuntun lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, paracetamol gíráàmù 1, ìyẹn hóró méjì ti mílígíráàmù 500, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kí ó má ju gíráàmù 4 lọ lójúmọ́. Ibuprofen mílígíráàmù 400 ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, bí kíndìnrín bá dára tí kò sì sí ọgbẹ́ inú. Yálà ó ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Morphine, oògùn ìrora líle, bíńtín tí a bá pò mọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, mílígíráàmù 0.1 péré, lè gbé e di ọjọ́ kejì, àfi pé ara lè máa yún un.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ìyá kan fi nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Dókítà, ẹ má bínú o. Màmá ọkọ mi ni wọ́n da oògùn mi sí ṣáláńgá. Wọ́n ní yóò bá ọmú wọ inú ọmọ.” Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi morphine sílẹ̀.

Màmá kò ṣìnà pátápátá. Oògùn a máa bá ọmú wọ inú ọmọ, ṣùgbọ́n ti paracetamol àti ibuprofen kéré débi pé àwọn ni a kọ́kọ́ ń yàn fún abiyamọ. Àwọn tó yẹ kí Màmá kó dà sí ṣáláńgá ni codeine àti tramadol, àwọn oògùn ìrora líle bíi morphine. Ara àwọn kan a máa sọ codeine di morphine kíákíá. Bí ìyẹn bá bá ọmú wọ inú ọmọ, ọmọ lè máa sùn ṣáá, kó má mu ọmú, mímí rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀. Ní 2017 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú má lò wọ́n. Síbẹ̀, tramadol ni oníkẹ́míìsì kan ń nà sí ìyá ọlọ́mọ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Kí n sáré sọ ti orí fífọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn: ẹ tètè sọ fún wa, kì í ṣe ayé. August Bier, ará Jámánì tó lo abẹ́rẹ́ yìí fún iṣẹ́ abẹ ní 1898, ní kí wọ́n gún òun náà wò. Sírínjì kò bá abẹ́rẹ́ mu, omi ẹ̀yìn rẹ̀ dà nù, orí sì fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá dùbúlẹ̀, a rọlẹ̀. Bí ó bá dìde, a tún bẹ̀rẹ̀.