Ọjọ́ tí Sentamu fi àlùmọ́gàjí gé kọ́là ọrùn rẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, òjò ń rọ̀ ní Peckham, ní London níbí, tíì mi sì ti tutù.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejìlá 2007, màmá mi ti wé gèlè tán, à ń dúró de ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. John Sentamu, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti York nígbà náà, ẹni tí ipò rẹ̀ tẹ̀ lé ti Canterbury nínú Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lórí BBC pẹ̀lú akọ̀ròyìn Andrew Marr. Ọ̀rọ̀ Zimbabwe ni wọ́n ń sọ. Àfi bó ṣe yọ kọ́là funfun ọrùn rẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé e wẹ́wẹ́! Ó ní ohun tí wọ́n fi ń dá òun mọ̀ ní àlùfáà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Mugabe, ààrẹ Zimbabwe nígbà náà, ṣe gé ìdánimọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Òun ò sì ní wọ kọ́là mọ́ àfi tí Mugabe bá kúrò lórí àléfà.

Màmá mi pariwo: "Háà! Ohun tí wọ́n gbàdúrà sí!" Èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Uganda ni wọ́n bí Sentamu sí, ní 1949. Lọ́yà ni kó tó di pé wàhálà Idi Amin, olórí ìjọba ibẹ̀, lé e wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ní 1974. Nígbà tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Janani Luwum, ní 1977, ó ní òun á rọ́pò rẹ̀. Bí lọ́yà ṣe di àlùfáà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ tiwa, àdúgbò wa yìí ni wọ́n pa á sí ní 2000. Ó pẹ́ kí màmá mi tó tún gbà kí n dá lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n ní 2002, Sentamu ni alága ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá wò. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Stepney ní London, ọlọ́pàá ti dá a dúró, wọ́n fẹ́ tú ọkọ̀ rẹ̀. Kí ni kọ́là ṣe fún ọrùn dúdú?

Kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ní 2023, bíṣọ́ọ̀bù Newcastle ní kó dúró ná lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà, nítorí ìròyìn kan tó ní kò ṣe ohun tó yẹ nígbà tí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ tó o létí. Sentamu ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí.

Ní oṣù Kọkànlá 2017, Mugabe kúrò. Sentamu padà sọ́dọ̀ Marr, ẹni tó ti tọ́jú àwọn ègé kọ́là yẹn láti ọdún wọ̀nyí. Bíṣọ́ọ̀bù ní kò ṣeé lẹ̀ pọ̀ mọ́, ó sì fa tuntun yọ, ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn.

Màmá mi tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ó kúkú mú tuntun dání."