Lagos sí New York: ṣé wákàtí 6 ni àbí 15?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lójú yín yìí. Bàálù gbéra n'Íkẹjà láago 11 alẹ́, ó balẹ̀ sí JFK, pápákọ̀ òfurufú New York, láago 5 àárọ̀. Àǹtí mi fi ìka kà á, ó ní "Wákàtí 6 péré? Kò mà jìn ju London lọ!" Ẹ wá wo ti àbọ̀: ó kúrò ní New York láago 12 ọ̀sán, ó dé Èkó láago 3 ààbọ̀ òru. Wákàtí 15 ààbọ̀ rèé! Ọ̀nà kan náà o.

Aago ló ń tàn wá jẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru tiwọn, wákàtí 5 ni Èkó fi ṣáájú New York, tí òtútù bá dé tí wọ́n yí aago wọn padà ó di 6, àwa kì í yí tiwa ní Nàìjíríà. Ìgbà ooru ni ti tíkẹ́ẹ̀tì yìí, torí náà ẹ fi 5 kún wákàtí 6 ti àlọ yẹn, 11 nìyẹn, kẹ́ ẹ wá yọ 5 nínú 15 ààbọ̀ ti àbọ̀, ó ku 10 ààbọ̀.

Ọ̀nà yẹn gùn tó bíi kìlómítà 8,440, ti London ò ju bíi 5,000 lọ. Tẹ́ ẹ bá rí globe, àwòrán ayé tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ na òwú lé e láti Èkó dé New York kẹ́ ẹ fà á le, ẹ máa rí i pé orí Mali àti Mauritania ló máa gbà kó tó já sójú òkun.

Ó dáa, kí ló dé tí àlọ fi pẹ́ ju àbọ̀ lọ? Afẹ́fẹ́ ni. Lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 10 sókè, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà oòrùn, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lókè Èkó níbí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Amẹ́ríkà, pàápàá nígbà òtútù, eré tó ń sá lè ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Ẹ̀ ń lọ, ó ń tì yín sẹ́yìn. Ẹ̀ ń bọ̀, ó ń gbé yín sáré. Ẹ má kàn máa wo fíìmù nínú bàálù jàre, ẹ ṣí máàpù tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú yín. Èmi rí eré kìlómítà 790 ní wákàtí kan nígbà tí mò ń lọ, mo rí 1,050 nígbà tí mò ń bọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì yàtọ̀ létí mi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣírò ọ̀nà mìíràn fúnra yín, ẹ fi 850 pín kìlómítà rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ìlà ìmígíréṣọ̀n ò sí nínú ẹ̀ o, ìyẹn lọ́wọ́ Ọlọ́run ló wà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ wá gbé yín n'Íkẹjà, ẹ ṣàlàyé fún un pé 3 ààbọ̀ òru ni. Àǹtí mi débẹ̀ ní 3 ààbọ̀ ọ̀sán, mo ti sùn, mo ti jí, mo ti jẹ àmàlà.